Igi àgbáyun ẹ̀yìnkùlé wa: ṣé lóòótọ́ ló ń wo ìtọ̀ ṣúgà?

Àbẹ̀kẹ́ Wàndó · Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Ajé, 7:10 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé.

Igi àgbáyun kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Wàndó. Bàbá wa àgbà ló gbìn ín, síbẹ̀ títí dòní kò tíì ga ju òrùlé ilé ìdáná lọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, eré la fi ń ṣe. A ó jẹ ẹyọ kan nínú èso rẹ̀, èyí tó máa ń mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu, a ó wá máa wò ó ta ni yóò mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láì fajú ro. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ẹyẹ ń jẹ tirẹ̀, ewúrẹ́ aládùúgbò ń jẹ tirẹ̀.

Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti sọ fún wa pé ìyá mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni ọdún 66 ni wọ́n. Ohun tó dùn wọ́n jù nínú àìsàn yìí, kì í ṣe oògùn, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ògì àárọ̀ ni. Ògì tiwa níbí máa ń kan dáadáa, horo ṣúgà mẹ́rin ni ìyá mi sì fi ń mu ún láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Ní báyìí, tí a bá gbé abọ́ síwájú wọn, wọ́n á mu ṣíbí méjì, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àbẹ̀kẹ́, wá gbé ọtí kíkan rẹ." Wọ́n ti rù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan ń kiri lọ́jà, ó ń ta ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú kan nínú ike kékeré. 10.000 fáránkì. Ó ní àgbáyun gbígbẹ ni, pé láàárín oṣù mẹ́ta ìtọ̀ ṣúgà á di ìtàn, kí ìyá mi pa oògùn òyìnbó tì. Mo rà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú mi. A tọ́ ọ lá, èmi àti ìyá mi, a mu ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Eyín kan wá títí dé ẹ̀yìn orí. Àgbáyun tí mo mọ̀ lọ́mọdé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ṣé èso yìí ń wo ìtọ̀ ṣúgà àbí kò wò ó? Báwo sì ni àwọn àgbà ṣe ń lò ó nídìí oúnjẹ, yàtọ̀ sí eré ọmọdé?

Ọmọ Ṣábẹ Òkè · Ṣábẹ · 7:31

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o 😂 10.000! Ní Ṣábẹ níbí, ilé-iṣẹ́ ṣúgà wà lọ́dọ̀ wa, inú oko ìrèké la ti ń ṣeré. Ta ni yóò wá ta àgbáyun fún wa?

Ká fi àwàdà sílẹ̀, mo fẹ́ mọ ìdáhùn èyí náà. Mo gbin àgbáyun lẹ́ẹ̀mejì, ó kú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ń bọ̀ wá sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìgbẹ̀bí · Àjàṣẹ́ · 7:48

Àbúrò mi, kí n tó sọ̀rọ̀ èso: ṣé màmá ṣì ń lo oògùn wọn? Dá mi lóhùn èyí ná.

Àbẹ̀kẹ́ Wàndó · 7:55

Wọ́n ń lò ó, mà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi dá a dúró nítorí ìyẹ̀fun yẹn. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ wọ́n, wọ́n ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru. Ẹ̀rù bà mí, mo ní kí wọ́n padà sídìí oògùn.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìgbẹ̀bí · 8:20

O ṣe é dáadáa. Òùngbẹ àti ìtọ̀ òru yẹn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló ti ń gun òkè. Mú wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yìí, má dúró de ọjọ́ tí dọ̀kítà dá fún yín.

Ọ̀rọ̀ èso wá kù. Àgbáyun kì í wo ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Taiwan ní 2006 lára eku, àǹfààní díẹ̀ hàn lára àwọn eku náà. Eku ni o. Ẹni tó gbọ́ ti eku, tó wá gba 10.000 lọ́wọ́ ìwọ tí o jẹ́ èèyàn, o mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ṣùgbọ́n má tìtorí ìyẹn gé igi yín. Orí ahọ́n ni àgbáyun ti ń ṣiṣẹ́, kò kọjá ibẹ̀, orí ahọ́n náà sì ni ìjà màmá wà. Wọn kò sọ pé ebi kò pa wọ́n, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ògì kan. Bí ẹyọ àgbáyun kan bá mú kí ògì yẹn dùn lẹ́nu wọn, a ti fa horo mẹ́rin yọ. Horo ṣúgà kan tó nǹkan bíi gíráàmù 5. Mẹ́rin láràárọ̀ jẹ́ 20. Láàárín oṣù kan, ó lé ní ìdajì kílò ṣúgà tí kò wọ ara ìyá rẹ. Èrè rẹ̀ nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò kéré.

Fi èyí sọ́kàn: ògì fúnra rẹ̀, àgbàdo ni. Ara á sọ ọ́ di ṣúgà, ì báà dùn, ì báà kan. Nítorí náà, abọ́ kékeré ni kí ẹ máa bù, kí ẹ fi àkàrà tàbí ẹ̀wà tì í. Bákan náà ni ọsàn: àgbáyun kò yọ ṣúgà tó wà nínú ọsàn kúrò.

Òtítọ́ Korò · kò sọ ibi tó wà · 9:02

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ ń bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà. Àgbáyun ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹjẹrẹ, ibà, àìrọ́mọbí, àìlèṣe ọkùnrin. Àwọn òyìnbó mọ̀, ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi fòfin dè é ní 1974. Ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó ìyẹ̀fun, kí ó pè mí sórí [a ti yọ nọ́ńbà kúrò]

Alábòójútó · 9:06

Mo ti yọ nọ́ńbà fóònù. A kì í tajà níbí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko · Calavi, ọmọ Àjàṣẹ́ · 10:15

Ẹ jẹ́ kí n fi òótọ́ sí ọ̀tọ̀, kí n fi irọ́ sí ọ̀tọ̀, nítorí Òtítọ́ Korò da méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Òótọ́ ni pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1974. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Miralin fẹ́ máa ta adùn àgbáyun fún àwọn tí kò gbọdọ̀ jẹ ṣúgà. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn lọ́hùn-ún, ní àfikún oúnjẹ ni, pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí wọ́n tó tà á bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá wọlé. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé àwọn oníṣòwò ṣúgà ló wà nídìí ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí ẹ̀ lélẹ̀. Ẹ sì wò ó o, kódà Miralin gan-an, adùn ni wọ́n fẹ́ tà, kì í ṣe ìwòsàn.

Àwọn ará Yúróòpù wá fọwọ́ sí èso gbígbẹ rẹ̀ ní 2021. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 0,7 lọ lóòjọ́, àgbàlagbà nìkan ló wà fún, wọ́n yọ aboyún àti abiyamọ sílẹ̀. "Oúnjẹ tuntun" ni orúkọ tí òfin fún un. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1725, ọmọ Faransé kan, des Marchais, wá sí etíkun wa níbí, ó rí àwọn èèyàn tó ń jẹ èso pupa kékeré kan kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ kíkan. Lójú ta ni ó wá jẹ́ tuntun?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ní 1968 ni Kurihara àti Beidler yọ ohun tó wà nídìí rẹ̀ jáde. Purotéènì kan ni, miraculin lorúkọ rẹ̀. Purotéènì yìí fúnra rẹ̀ kò dùn. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn, á jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Mu omi, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Jẹ iyán, iyán lásán lo jẹ. Ìgbà tí nǹkan kíkan bá dé ló tó ń jí, ahọ́n á wá máa pe kíkan ní adùn. Ó lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè tó wákàtí kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á lọ.

Iná ni ọ̀tá purotéènì yìí. Ẹni tó bá sè é ti pa á. Èèyàn kò lè fi àgbáyun se jáàmù kó sì máa retí iṣẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ ẹ́ lókè òkun, inú yìnyín ni wọ́n ti ń fa omi ara rẹ̀ yọ pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ooru má baà kàn án. Ìyẹ̀fun tí ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ rà, bóyá àgbáyun tí wọ́n yan lórí iná ni, bóyá kì í tiẹ̀ ṣe àgbáyun rárá.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìgbẹ̀bí · 10:40

Kí n fi ẹyọ kan kún un lórí jẹjẹrẹ tí ó dárúkọ. Kì í wo jẹjẹrẹ. Àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ máa ń sọ pé oúnjẹ ń rí bí irin lẹ́nu wọn, wọn kì í lè jẹun. Ní 2012, wọ́n dán àgbáyun wò lọ́dọ̀ èèyàn mẹ́jọ péré ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ sì dùn lẹ́nu wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnu la tún padà sí.

Ìyá Alátẹ Àjàrá · Àjàrá · 12:18

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbáyun tí ẹ ń sọ yìí, ṣé kì í ṣe èso tó máa ń wà nídìí ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín? Èyí tó pupa, tó ní igun mẹ́ta, tí kóró rẹ̀ dúdú, tí nǹkan yọ̀-yọ̀ funfun bò lórí? Ìyẹn dùn o! Mo lá a lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tí mo jẹ títí alẹ́ ló ń dùn.

Bàbá Ìbejì Kétu · Kétu · 12:45

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ìyẹn kọ́. Ewé eéran lẹ ń sọ. Èso tirẹ̀, ilẹ̀ ló ti ń so, nídìí ewé, ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ kò ní rí i. Ara rẹ̀ gan-an ló dùn.

Àgbáyun, igi ni. Ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré. Èso rẹ̀ kò ju orí ìka ọwọ́ lọ, ó gùn díẹ̀, á pupa bí ata tó bá pọ́n. Kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ tín-ín-rín bí awọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́ á ní, ṣé èyí ni wọ́n ń pariwo? Kò dùn, kò kan, omi lásán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyanu wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko · 13:02

Bàbá Ìbejì ti parí ọ̀rọ̀. Ohun dídùn inú èso ewé eéran ni wọ́n ń pè ní thaumatin, ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2.000. Ó yàtọ̀ pátápátá sí àgbáyun. Àwọn mọ̀lẹ́bí àgbáyun ni àgbálùmọ̀ àti igi èmi tí à ń fi kóró rẹ̀ ṣe òrí. Ẹ fi kóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹgbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí bí awọ wọn ṣe ń dán bákan náà. Àwọn Fọ̀n ń pe àgbáyun ní sisrè, tí ẹ bá fẹ́ bèèrè rẹ̀ lọ́jà.

Ẹlẹ́mu Ìpọ́bẹ́ · Ìpọ́bẹ́ · 14:30

Ẹ ti sọ ti ògì, ẹ sọ ti ọsàn, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹmu. Ẹ̀yin èèyàn mímọ́ ló pọ̀ níbí.

Ẹmu tó bá ti sùn mọ́jú á kan, kò sẹ́ni tí í rà á ní owó gidi. Bàbá mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, ní igi àgbáyun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà. Ní ọjọ́ tí ẹmu àná bá ṣẹ́kù, tí àlejò bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ fi àgbáyun bíi méjì méjì ṣe é lálejò: "Ẹ fi èyí pa ẹnu ná." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bu ẹmu. Àlejò á gbé igbá kalẹ̀, á ní Bàbá, ẹmu yìí mà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ dé o! Bàbá mi á ní láàárọ̀ yìí ni. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà ni ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í fà ro, kálukú á máa wo ìdí igbá.

Ọmọ Ṣábẹ Òkè · 14:34

😂😂😂 Mo ti mọ ibi tí n kò ní ra ẹmu mọ́ láyé.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìgbẹ̀bí · 14:50

Bàbá yẹn gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọtí inú ẹmu kò kúrò níbẹ̀. Ẹmu àná le ju ti òní lọ, kíkan rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí èèyàn mu ún púpọ̀. Tí àgbáyun bá mú kíkan lọ, kò sí ohun tí yóò sọ fún yín pé ó tó.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó mu mẹ́sàn-án lórí ìjókòó kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ní òru, inú rẹ̀ ń jó bí ẹni gbé ata mì. Ahọ́n gbà pé adùn ni, ikùn kò gbà. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, kí ó má fi àgbáyun ṣe ìyẹn rárá. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, kíkan náà ń jẹ eyín.

Sísí Alásè · Àjàṣẹ́ · 17:20

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́ bèèrè ti ìdí oúnjẹ, ẹ wá bá ẹmu lọ.

Mo ń ṣe oúnjẹ ìnáwó, mo sì ti fi àgbáyun dán oríṣiríṣi wò. Bísápù, omi ìṣápá pupa, ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi. Ẹ sè é bí ẹ ṣe ń sè é, ẹ fi atalẹ̀ sí i, ẹ má fi ṣúgà kankan sí i, ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú fírígò. Fún àlejò ní àgbáyun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó mu ún. Mo ṣe èyí níbi ìsọmọlórúkọ kan, ìyá àgbà kan tẹnu mọ́ ọn pé mo da oyin sí i, ó ní kí n mú ìgò oyin náà wá kí òun rí i. Adùn rẹ̀ kì í dà bíi ti ṣúgà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ó mọ́ lẹ́nu.

Wàrà kíkan náà dára, àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí kò tíì pọ́n dáadáa. Ìyeyè di nǹkan mìíràn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu nípa tòmátì: ẹ gé e tútù, ẹ jẹ ẹ́ lẹ́yìn àgbáyun, ẹ ó rò pé èso inú ọgbà ọba ni. Gààrí tó kan, ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ (gààrí sóhúì kò kan, ẹ má da àgbáyun nù sórí rẹ̀). Ohun tó bá korò, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Mo dán an wò pẹ̀lú ewúro, ewúro ṣì ni ewúro.

Bí ẹ ó ṣe jẹ ẹ́: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi eyín bó ẹran rẹ̀ kúrò lára kóró, ẹ má gbé e mì kíákíá. Ẹ fi ahọ́n yí i kiri, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ìṣẹ́jú kan. Ibi tí kò bá kàn lára ahọ́n, kò ní gbọ́. Ẹ tu kóró dànù, ẹ má rún un, ó korò.

Bàbá Ìbejì Kétu · 18:05

Ọmọ mi Sísí, o ṣe é. Awin lo gbàgbé. Ní Kétu níbí, tí àsìkò awin bá dé, tí ọmọdé bá jẹ àgbáyun kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ awin, ìyá rẹ̀ kò ní rí i títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọmọ Ṣábẹ Òkè · 19:40

Ó kàn mí wàyí. Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi. Ní ẹ̀ẹ̀kìíní, ọ̀rẹ́ mi kan kó kóró àgbáyun wá fún mi láti Ṣàkẹ́tẹ́, ó ti sá a sóòrùn kí ó má baà bu. Mo gbin ogún, ẹyọ kan kò hù. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, mo ra ọ̀gbìn tó ti ní ewé mẹ́fà. Mo tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Mo ń fi eérú ilé ìdáná sí ìdí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń ṣe fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń so. Ewé àgbáyun bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, iṣan inú ewé náà nìkan ló kù ní tútù. Mo fi eérú kún un. Ọyẹ́ wá dé, ó parí iṣẹ́.

Bàbá Ìbejì Kétu · 20:12

Ọmọ mi, ìwọ lo pa á. Kì í ṣe ọyẹ́.

Ilẹ̀ tó bá kan ni àgbáyun ń fẹ́. Bí ó ṣe ń fẹ́ kíkan lẹ́nu ẹni, bẹ́ẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ nílẹ̀. Eérú ń pa kíkan ilẹ̀. Gbogbo ìgbà tí o da eérú sí i, ńṣe lò ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ewé tó pọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù yẹn ló ń fi sọ fún ọ. Ewé igi tó ti jẹrà lábẹ́ igbó ni kí o máa kó sí ìdí rẹ̀.

Ti kóró tí wọ́n sá sóòrùn: kóró àgbáyun kì í ṣe àgbàdo. Tó bá ti gbẹ, ó ti kú. Ọjọ́ tí o bá jẹ ẹ́ ni kí o fọ̀ ọ́, kí o gbìn ín, tó bá pẹ́ jù, ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Má sì kánjú. Tó bá hù, ọdún kan á kọjá, kò ní tíì ga tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Wàá rò pé ó ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dàgbà. Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí o tó rí èso. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dọ̀ wa níbí, ó máa ń so lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ àti lẹ́yìn àrọ̀kúrò. Lọ́dọ̀ yín ní Ṣábẹ, ẹ̀ẹ̀rùn yín gùn ju tiwa lọ. Gbìn ín sí abẹ́ igi ńlá tàbí ẹ̀yìn ilé tí oòrùn ọ̀sán kì í dé, kí o máa bomi rin ín láti ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró.

Ọmọ Ṣábẹ Òkè · 20:20

Ẹ ṣé, Bàbá. Eérú! Gbogbo ìgbà yẹn mo ń gbàdúrà lé e lórí.

Àbẹ̀kẹ́ Wàndó · ọjọ́ Ẹtì, 21:15

Mo ti dé o. Ẹ máà bínú pé mo dákẹ́.

A lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́rú. Ó ga. Dọ̀kítà bá wọn wí, wọ́n ṣe àtúnṣe sí oògùn, wọ́n ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo sọ ti àgbáyun fún dọ̀kítà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi kan wà nílé ìyá òun náà, kò sóhun tó burú níbẹ̀, kí a ṣáà má fi rọ́pò oògùn.

Nínú ìyẹ̀fun yẹn, mo da ìyókù rẹ̀ sínú omi. Ó sọ omi di pupa bí aró. Inú mi kò dùn sí 10.000 mi.

Àgbáyun gidi ńkọ́? Lọ́jọ́bọ̀, mo já márùn-ún tó pọ́n dáadáa. Ìyá mi fi ahọ́n yí i bí Sísí Alásè ṣe wí, mo gbé ògì dé, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Wọ́n mu ún. Wọ́n wò mí. "Ó kan." Ojú tì mí. Mo tún padà ka ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́ kọ nípa iná, mo wá rí i pé ẹni tó bá da ohun gbígbóná sẹ́nu, iná náà ló dà sí i.

Láàárọ̀ yìí, mo bu ògì sílẹ̀ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àgbáyun kan, ìṣẹ́jú kan, ògì. Wọ́n mu ṣíbí kan, wọ́n dákẹ́. Wọ́n mu ìkejì. Wọ́n gbé abọ́ sókè, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n fi ṣíbí ro ìsàlẹ̀ bóyá horo ṣúgà wà níbẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, kí lo fi sí i? Dọ̀kítà á bá wa jà o." Mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀, Màmá. Wọ́n ní mo ń purọ́. Wọ́n pe ọmọ mi kékeré kí ó wá tọ́ ọ wò, ọmọ fajú ro, ó tu ú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà. Wọ́n sì mu ún tán, pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Ilé Ìgbẹ̀bí · 21:30

Ọlọ́run ṣeun. Méjì ti tó nínú àkàrà yẹn.

Sísí Alásè · 21:41

Fífi ṣíbí ro ìsàlẹ̀ abọ́ yẹn ló pa mí 😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó àwọn tó bá ṣẹ́kù sínú fírígò, ẹ má fi wọ́n sí ìta. Bí ọjọ́ méjì, mẹ́ta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Tó bá pọ̀, ẹ bó ẹran rẹ̀, ẹ fi í sínú ibi yìnyín. Èmi ti gbìyànjú láti sá a lórí páànù, ó gbẹ, kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Wàndó · 21:50

Mo ti gbọ́, àbúrò mi. Ìyá mi ti gba igi náà lọ́wọ́ wa báyìí. Wọ́n gbé àga sí abẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án yìí, wọ́n mú ọ̀pá dání nítorí ewúrẹ́. Àwọn ọmọ bèèrè kan, wọ́n ní kí wọ́n lọ gba ìwé ẹ̀rí wá lọ́dọ̀ dọ̀kítà.

Ọmọ Ṣábẹ, mo fi kóró ti òwúrọ̀ yìí pamọ́ fún ọ, mẹ́rin. Mo ti fọ̀ wọ́n, n kò sá wọn. Mo fi òwú tútù dì wọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ta lo mọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà Ṣábẹ lọ́la?

Ọmọ Ṣábẹ Òkè · 21:53

Ẹ̀gbọ́n mi ń wakọ̀, ó ń gbéra ní Wàndó láago mẹ́fà àárọ̀. Mo ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba pé kí ó má gbé e sórí ẹ́ńjìnnì.